Òkúta Oníná Tí Mo Fi Lọ Ata

Ẹ gbà mí o, òkúta iléèwé ni mo fi lọ ata lónìí.

Bísí ọmọ-ọmọ mi, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta ní yunifásítì, ló kó àwọn òkúta náà dé lánàá láti òkè Toumodi.

Mo rí ọ̀kan lórí tábìlì. Ó dúdú, odò ti fọ̀ ọ́ dán, ó sì kún ọwọ́ mi dáadáa. Ọlọ tí ìyá mi gbé wá láti Èjìgbò sí ilẹ̀ elédè Faransé níbí ṣì wà lọ́dọ̀ mi, àmọ́ ọmọ ọlọ náà ti sọnù láti ìgbà tí a ti kó kúrò ní Koumassi Remblais, àdúgbò wa àtijọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata. Ìró yẹn dà bíi pé ìyá mi dúró lẹ́yìn mi, tó ń ní kí n má bu omi púpọ̀ sí i.

Bísí wọlé.

"Mais Màmá, échantillon mi, òkúta tí mo mú wá fún àyẹ̀wò, lẹ fi ń lọ ata yẹn. Ọ̀la ni mo máa gbé e han prof."

"Ṣé òkúta kọ́ ni?"

"Iná ni tẹ́lẹ̀, Màmá. Ó tú jáde látinú ilẹ̀, ó tutù, ó di òkè. Ó ti lé ní deux milliards d'années, bílíọ̀nù ọdún méjì, tó ti kú."

Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ojú tì mí. Mo fọ̀ ọ́ títí, òórùn ata kò lọ.

Bísí gbé e símú, ó rẹ́rìn-ín.

"Mà á sọ fún prof pé iná yìí kò tíì kú tán. Tó bá ti wò ó tán, tiyín ni."

Bí iná kú, á fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, á fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò.

Ta ló ṣì ní ọlọ ìyá rẹ̀ nílé? Ẹ dá mi lóhùn.