Omi Gbígbóná Màmá Kinue

Kò sẹ́ni tó lè pariwo tó Màmá Kinue ní etíkun wa. Nígbà tí èrò ṣì ń wọ́ tìrítìrí wá láti ìlú Niigata, ẹnu ọ̀nà bùkà ìwẹ̀ rẹ̀ ló máa ń dúró sí: "Ẹ yà síbí o! Omi ti gbóná! Ẹ wá ṣan iyọ̀ kúrò lára!" Èmi tí mò ń ta yìnyín fífá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di.

Ọdọọdún la máa ń to bùkà onípákó sórí yanrìn nígbà ooru, a ó sì tú u kí ìjì tó dé. Tokuji, ọkọ Màmá Kinue tó ti kú, ti gbẹ́ àmì sára pákó bùkà wọn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ ibi tó ń lọ tí wọ́n bá ń tò ó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kó òkúta sínú omi nítorí èbúté tuntun, òkun ń jẹ yanrìn wa. Àwọn tó kó o síbẹ̀ kì í gbé ọ̀dọ̀ wa. Inú ṣì ń bí mi dòní. Gbogbo wa kó ẹrù lọ, ó ku Màmá Kinue nìkan. Òfin ìlú sì ni pé ẹni tí bùkà rẹ̀ kò bá dúró lọ́jọ́ tí àlùfáà ń gbàdúrà ṣí òkun fún àwọn tó ń wá lúwẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún ti pàdánù àyè rẹ̀ títí láé.

Mo bá a níbi tó ti ń fi báárò kó yanrìn láti ẹ̀yìn igi wá síwájú omi.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ bọ́ òkun yó ni?"

"Tó bá yó, á fi wá sílẹ̀. Mieko, wá bá mi tì í, ọ̀lẹ!"

Mo tì í. A to bùkà náà, ọwọ́ wa bó. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣí òkun, Kuwabara ará ọ́fíìsì ìlú wá wọn ilẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Yanrìn yìí ò tó."

"Ìwọ Kuwabara! Ṣebí ọ̀dọ̀ mi lo ti máa ń wẹ̀ ní kékeré, tí wàá máa ké pé omi ta ọ́ lójú?"

Ojú tì í. "Ó dáa. Tó bá ṣì dúró lọ́la, mo máa fọwọ́ sí i."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìgbì ti wó iwájú bùkà. Màmá wà nínú omi dé ìbàdí, ó di pákó kan mú.

"Ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́!"

"Tokuji ló gbẹ́ ẹ!"

Ẹkún ni mo fi fà á jáde. Nígbà tí àlùfáà dé láti ṣí òkun, orí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì ló dúró sí gbàdúrà, torí yanrìn ò tó dúró sí mọ́. Kuwabara ò lè wo ojú wa. Bí wọ́n ṣe lọ tán ni Màmá gbé àáké, ó ń la àwọn pákó ẹ̀yìn tó ṣì gbẹ, ó ń kó wọn sábẹ́ àgbá omi.

"Màmá! Àmì ọkọ yín wà lára ẹ̀!"

"Mo mọ̀. Ibi tó ń lọ ni ò sí mọ́."

Ó dáná. Ó dúró síbi tí ẹnu ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀, ó ké: "Ẹ yà síbí o! Omi ti gbóná!"

Èmi nìkan ló wà ní etíkun. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin gan-an ni iyọ̀ ti gbẹ sí lára."

"Oníbàárà ló ń kọ́kọ́ wẹ̀," ó fèsì.

Mo wọ inú ohun tó ṣẹ́ kù lára bùkà náà lọ wẹ̀. Bí mo ṣe ń bu omi sórí, mò ń gbọ́ ọ níta, ó ṣì ń pe èrò.