Ìwàásù tí Mo Ṣe Níwájú Òkú Ìyàwó Brendan

Ẹ bá mi wo òmùgọ̀ yìí: òkú wà nínú pósí láàrin pálọ̀, ọkọ olóògbé jókòó tì í, àwọn ará àdúgbò ń mu tíì, èmi Káyọ̀dé sì dìde, mo ṣí Bíbélì, mo ní kí gbogbo wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa.

Míṣọ́nnárì ni mí nígbà náà. Ìjọ wa ní Ìbàdàn ló rán mi lọ sí Dublin, nígbà tí owó dé síbẹ̀, tí kíréènì ìkọ́lé kò jẹ́ kéèyàn rí ojú ọ̀run. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó mú ìhìnrere wá bá wa ti ṣáko lọ, àwa ni a ó lọ kó wọn padà. Orí mi wú. Mo gbé mẹ́gáfóònù dání, mo ń jí àwọn ará Coolock, àdúgbò tí a ń gbé, ní ìdájí bí ẹni ń jí ará Mọ́kọ́lá. Wọn kò bú mi, wọ́n kàn ń ti fèrèsé. Òyìnbó kan ṣoṣo tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ẹni tó wá tún iná ṣe.

Brendan ni aládùúgbò wa, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó kọ̀ kí n pe òun ní Sà. Òun àti Maura ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ wa bí a ṣe ń gbé ìlú yẹn. Lójú tèmi, ẹja tí àwọ̀n kò tíì mú ni àwọn méjèèjì.

Maura wá kú. Nílé wa, kò sí àìsùn òkú onígbàgbọ́ tí oníwàásù kì í ti ké pe ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí o kò bá ṣe é, wọ́n á ní o kò mọṣẹ́. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń retí nìyẹn. Mo bi wọ́n pé bí ikú bá dé lónìí, ibo ni wọ́n ń lọ? Mo ní kí ẹni tó fẹ́ gba Jésù na ọwọ́ sókè. Obìnrin kan gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó mi fa ẹ̀wù mi.

"Daddy Tèmi, abeg, ẹ jókòó now! Ẹ ń dójú tì wá."

Brendan gbójú sókè. "Jókòó, Kay," ló wí jẹ́jẹ́. "Tíì rẹ ń tutù."

Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn.

Mo ròyìn fún pásítọ̀ àgbà lórí fóònù. "Praise God!" ló pariwo. "O ti gbin irúgbìn!" Irúgbìn wo? Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Brendan kò kanlẹ̀kùn wa. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti fi ẹnu ara mi lé ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní níbẹ̀ lọ.

Mo lọ bá a láìmú Bíbélì dání. Ó ń fọ àwọn ife tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo mú aṣọ ìnuwọ́, mo ń nù wọ́n.

"Ẹ má bínú," ni mo wí.

"Grand ni, kò burú." Ó na ife mìíràn sí mi. "Ṣé o lè gbàdúrà fún un?"

Ìjọ wa kò gbà kí a gbàdúrà fún òkú. Àìmọye ìgbà ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn na àwọn Kátólíìkì bíi Brendan lórí mẹ́gáfóònù. Mo wo ojú ọkùnrin yìí. Mo di ojú mi.

"Olúwa, Maura ló ń di ọwọ́ Tèmi ọmọ mi mú kọjá títì láràárọ̀. Jọ̀ọ́, di ọwọ́ òun náà mú."

"Àmín," ni Brendan wí. Nínú gbogbo òyìnbó tí mo ti lọgun mọ́, òun lẹni àkọ́kọ́ tó ṣe àmín sí àdúrà mi.