Púpurú Ìyá Ìjọ

Ní gbogbo Erinje, kò sẹ́ni tó lè gbàdúrà tó ìyá ọkọ mi. Ìyá Ìjọ ni wọ́n. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdájí, ewúrẹ́ àdúgbò ò ní lè sùn mọ́. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í ní sùúrù kí púpurú tí wọ́n ń tà gbẹ.

Púpurú ò sì ṣeé kánjú ṣe. Bí a bá ti bu ẹ̀gẹ́ tó kan, tí a mọ ọ́n roboto, orí àjà ló ń lọ, kí iná yá a fún ọjọ́ mélòó kan títí inú rẹ̀ á fi gbẹ. Ti Ìyá Ìjọ kì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú dáadáa, inú rẹ̀ á tutù rinrin. "Ọlọ́run á gbẹ ìyókù," ni wọ́n máa ń wí. Ẹ gbọ́ nǹkan! Wọ́n sọ Ọlọ́run di adáná.

Láàárín àwọn ọdún 1990 yẹn, iṣẹ́ tíṣà nìkan ò lè bọ́ wa, lèmi náà bá ń yan púpurú tèmi. A jọ máa ń gbé e lọ sọ́jà Òkìtìpupa ni. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wá láti ẹsẹ̀ odò ní òun fẹ́ kó odidi apẹ̀rẹ̀ Ìyá Ìjọ, èyí tí òun àtàwọn ọmọ òun á máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó mú ọ̀kan, ó fẹ́ là á wò bí gbogbo oníbàárà ti ń ṣe. Ìyá Ìjọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Háà! Èmi ọmọ Ọlọ́run! Bi ìyàwó mi yìí, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì. Ìyàwó, sọ fún un, ó gbẹ àbí kò gbẹ?"

Obìnrin náà yíjú sí mi. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ju ohunkóhun lọ, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dójú ti Ìyá Ìjọ, ìjọ á gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Kò gbẹ, mà."

Yéè! Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti pè mí síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ. Ẹ̀sùn mi? Àfojúdi sí àgbà. Pásítọ̀ wàásù lé mi lórí bí ẹni pé mo pànìyàn. Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó béèrè ọ̀rọ̀ púpurú. Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa jókòó lẹ́yìn, wọ́n wá ní kí Ìyá Ìjọ fi àdúrà kádìí ìpàdé. Inú bí mi débi pé mi ò lè ṣàmín.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ìyàwó Pásítọ̀ gbé abọ́ ńlá wọlé tọ̀ mí wá.

"Ìyàwó wa, Pásítọ̀ ní kí n wá ra púpurú. Tìẹ o, kì í ṣe ti Ìyá Ìjọ."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ṣé wọ́n ti dá àwọn ọmọ kíláàsì mi padà fún mi?"

Wọ́n na abọ́ náà sí mi.

"Áà, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Oúnjẹ ni mo wá rà o."