Éésì Tí Kò Tutù Mọ́

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà mi, kó sọ níwájú mi pé nǹkan bàjẹ́ nílé mi, kó wá ní kí n lọ pe oníṣẹ́. Èmi! Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ ní fíṣíìsì ní Adó-Èkìtì yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì! Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ ìjọba dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó na ọwọ́ sábẹ́ éésì yàrá wa, tó ní, "Dádì, atẹ́gùn lásán lèyí ń fẹ́ o, kò tutù," mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní ọwọ́ mi ni ìdáhùn wà.

Ká sòótọ́, éésì kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn nígbà náà. Ìyá mi ni. Wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn nílùú wa, dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́, mo sì gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ìyá mi ò lè jókòó lásán. Gbogbo Mọ́ńdé ni wọ́n máa ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n á jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Mo ń lọ ulé mi. Kí ni uṣẹ́ mi níbí? Ẹ kàn ń bọ́ mi bí àgbò ọdún." Ẹ̀rù máa ń bà mí gan-an. Tí wọ́n bá padà, tí wọ́n tún ṣubú, ta ni yóò gbé wọn dìde? Màá bẹ̀bẹ̀ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu mi. Ṣàdédé ni wọn ò palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Wọ́n á jí, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, n ò bèèrè ìdí.

Mo wá dojú kọ éésì. Mo kọ́kọ́ ní ìdọ̀tí ni. Mo yọ àwọ̀n tó ń gba eruku, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun ju aṣọ ìjọsìn lọ. Kò tutù. Mo ní iná mànàmáná ni kò lágbára. Mo yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná, mo wọ̀n ọ́n, iná pé pérépéré. Mo ní atẹ́gùn ń gba etí fèrèsé jáde, mo lẹ gbogbo rẹ̀ pa. Ooru wá di méjì. Ìyàwó mi ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, tísà." Yẹ̀yẹ́ ni, mo mọ̀. Mo ní gáàsì ló tán. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe éésì, gáàsì ló máa ń dá lẹ́bi.

Láìsọ fún mi, obìnrin yìí lọ pe oníṣẹ́ wá láti àdúgbò Adébáyọ̀. Ẹ wá wo ta ló wọlé! Ọkùnrin tí mo fún ní òdo nígbà tó wà ní kíláàsì mi, tí mo tún sọ fún pé kò ní mọ nǹkan kan láyé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ mo mú ojú le.

Ó wọn gáàsì, ó ní, "Sà, gáàsì yín kún. Éésì yìí ń kó ooru inú yàrá jáde, àmọ́ kò ríbi dà á sí. Ẹ̀rọ rẹ̀ tó wà níta ni kò rí èémí mí. Ìgbà wo lẹ wò ó kẹ́yìn?"

 Gbogbo inú ilé ni mo ti tú, n ò dé ẹ̀yìn ilé lẹ́ẹ̀kan. A jọ lọ wò ó.

Nítorí olè, mo ti ní kí wọ́n fi àgò irin bo èyí tó wà níta yẹn. Háà! Atẹ́ ló bo àgò náà lókè, lọ́tùn-ún, lósì, àti iwájú pátápátá. Gbọ̀dọ̀ ló kún gbogbo wọn, iṣu tí wọ́n gé, tí wọ́n fi omi gbígbóná bọ̀, tí wọ́n sá kó lè gbẹ fún èlùbọ́. Ìyá mi jókòó tì í lórí àpótí, wọ́n mú igi tí wọ́n fi ń lé ewúrẹ́ dání.

"Ẹ rọra o, ẹ má da uṣu mi nù!"

Òjò ò jẹ́ kí oòrùn ràn, wọ́n sì ti rí i pé ibẹ̀ yẹn ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. "Ooru tó dáa báyìí lẹ ń dà nù lójoojúmọ́! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Àwọn obìnrin àdúgbò wa ti ń gbé iṣu wá fún wọn, wọ́n sì ń bù fún ìyá mi nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ éésì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, títí ó fi yé mi pé ohun tó dá ìyá mi dúró nìyí.

A kó atẹ́ kúrò. Kò pẹ́, yàrá tutù débi tí ìyàwó mi fi wá aṣọ bora. A gbé atẹ́ kan jìnnà sí i ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀. Màámi na ọwọ́ sí i, wọ́n ní, "Kò gbóná tó. Á bu."  Wọ́n dá iṣu oníṣu padà. Wọn ò tiẹ̀ dúró de Mọ́ńdé. Lọ́jọ́ Sátidé, mo bá wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Pe ọ̀kadà kó gbé mi dé ìdíkọ̀ Fájuyì. Màá rí ọkọ̀ níbẹ̀."

Mo ti fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ bí ìṣe mi, ni ìyàwó mi bá dìde. Obìnrin tó ti ń sùn nínú òtútù bí ọlọ́lá! Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo gbọ́ tí atẹ́ kan irin. Mo sáré lọ bá a. Kò wò mí, ó ní, "Ẹ tan éésì."

Látọjọ́ náà, éésì ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí kò sí ènìyàn, àwa ń sùn ní pálọ̀ lábẹ́ fáànù. Oníṣẹ́ éésì náà ní mo máa ba ẹ̀rọ yẹn jẹ́. Mo ní mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Màámi tẹ̀ lé wa dé ẹ̀yìn ilé. Wọ́n ń to iṣu wọn padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kẹ́yìn sí mi.

"Ìgbà tẹ́ ẹ kó o kúrò láìbi mí léèrè," ni wọ́n wí, "mo rò pé ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ fi lé mi nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Wọ́n ní kí n yéé dúró bí ọ̀pó, kí n lọ gbé omi kaná, iṣu ṣì pọ̀ nílẹ̀.