Igi Tí Lucien Fi Dí Ọ̀nà

Ní ojú ọ̀nà Cassiar, títì gígùn tó la igbó àríwá kọjá, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ, ẹnikẹ́ni kì í dúró dè é kó dá. A ó kàn wọ ẹ̀wù òjò, a ó wọ bàtà òjò, a ó sì máa bá tiwa lọ. Inú ọkọ̀ la ń gbé, inú ọkọ̀ la ti ń dáná, inú ọkọ̀ la sì ti ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu páànù títí oorun yóò fi gbé wa lọ. Nínú gbogbo àwa tí a ń ṣe bẹ́ẹ̀, Ragna Tveit ló ti pẹ́ jù.

Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti gbó. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan kì í ṣí, pákó ló sì fi dí ibi tí gíláàsì ẹ̀yìn wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́: bẹ́ẹ̀dì tóóró, sítóòfù kékeré, okùn tí ìbọ̀sẹ̀ ń gbẹ lórí rẹ̀, àpò pòtétò lábẹ́ ìjókòó. Ìlú Bella Coola ni wọ́n bí i sí, apẹja ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ta ilé, ó fi owó rẹ̀ ra bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní orí òun pé, ilé ni kò pé mọ́.

Olú ló gbé gbogbo wa dé ibẹ̀. Ó funfun, ó ń ta sánsán, abẹ́ ewéko rírọ̀ tó bo ilẹ̀ igbó ló ń fara pamọ́ sí, débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Àwọn ará Japan fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, àwọn tó ń rà á fún wọn sì máa ń dúró dè wá létí títì ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tó bá ti hù lọ́dún yìí náà ló máa hù lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ibi olú tirẹ̀ ti ní oúnjẹ títí ọjọ́ ogbó. Nítorí náà, a kì í béèrè ibi tí ẹnìkejì ti ń tu olú. Bí àlejò bá ṣèèṣì béèrè, ìdáhùn kan ṣoṣo la ní fún un: "Lábẹ́ igi."

A máa ń gbé ọkọ̀ pamọ́ sínú ewé. A máa ń fi ẹ̀ka igi gbá ojú táyà rẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Lucien Doiron, ọkùnrin tó ti gé gẹdú títí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀, tó wá ra bọ́ọ̀sì tirẹ̀. Bí Lucien bá yà sí ọ̀nà gẹdú àtijọ́, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fi okùn fa igi wíwó kan dí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ara rẹ̀, yóò sì da ewé lé e lórí. Ẹni tó bá ń kọjá lórí títì yóò rò pé ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Òun àti Ragna máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lucien ń pè é ní ìyá ìgbín, nítorí ilé tó ń gbé kiri. Ragna ní tòun kúkú jẹ́ ìgbín, béárì ni tirẹ̀: ó ń jẹun, ó ń hanrun, ó sì ń ba ibi gbogbo tó bá wọ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ báyìí tán, wọn a pín búrẹ́dì.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ọ̀nà kan náà làwọn méjèèjì ń gbà. Ibi olú ti Ragna wà ní ìsàlẹ̀, kí a tó dé odò kékeré tó gba inú páìpù ńlá kọjá lábẹ́ ọ̀nà. Ti Lucien wà lókè, lódì kejì. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ipa ẹsẹ̀ ara wọn. Kò sí èyí tó la ẹnu sọ ọ́ fún ìkejì rí. Ragna kì í kọjá odò, Lucien kì í dúró ní ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́dún yẹn, òjò kan bẹ̀rẹ̀ tí kò rí bí èyí tí a mọ̀. Omi ń wọ́ lórí títì bí ẹni ń fa aṣọ. Odò Nass di ẹrẹ̀, ó ń gbé igi odindi kọjá. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo wa ti padà sí ibùdó, a ta tapólì, a dáná. Ibi tí Lucien máa ń gbé ọkọ̀ sí ṣófo.

Wilmer ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọmọ Gitanyow ni, ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀ la dó sí, òun nìkan ló sì ní ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ̀rọ tó ń fa okùn irin wà níwájú rẹ̀. Ó wa ọkọ̀ lọ sókè títì, ó padà wá sí ìsàlẹ̀, ó ń wo ẹnu gbogbo ọ̀nà gẹdú. Nígbà tó dé, ó ní òun kò rí ojú táyà kankan. Nẹ́tíwọ̀kì kò sí níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó lè wá láti ìlú Terrace, ilẹ̀ yóò ti ṣú.

Ó dúró sábẹ́ tapólì, omi ń ro lára rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn, mi ò béèrè nǹkan olú o. Ta ló mọ ibi tí ọkùnrin yìí ń lọ?"

Ẹnì kan ní, "Lábẹ́ igi." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mo wo Ragna. Ó ń fọ ife kan tí kò dọ̀tí. Ó fi í sílẹ̀, ó ní òun ń lọ pọn omi, ó sì wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde. Òjò ń rọ̀ níbi gbogbo, ó ní òun ń lọ pọn omi. A gbọ́ ọ, a sì dákẹ́, nítorí bí a ṣe máa ń ṣe fún ara wa nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló sọ ìyókù fún wa, díẹ̀díẹ̀.

Ó ní èrò òun ni pé òun nìkan á lọ, òun á yọ ọ́, àwọn á jọ padà wálé, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ ọ̀nà náà. Ó bá igi Lucien ní ẹnu ọ̀nà. Wilmer ti kọjá níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Igi náà ti mu omi, ó wúwo. Ragna so ó mọ́ ìdí bọ́ọ̀sì, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé. Ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó wo ẹ̀yìn. Ó rò ó bóyá kí òun fà á padà sí ojú ọ̀nà. Ó dúró nínú òjò, ó ń rò ó, kó tó fi í sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló ń dùn ún jù nígbà tó ń sọ ọ́.

Ó kọjá ibi olú tirẹ̀ láìwo ibẹ̀. Nígbà tó dé odò, kò rí ọ̀nà mọ́. Igi ti dí ẹnu páìpù, omi gun orí ọ̀nà, ó sì ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì Lucien dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárín omi, ìdí rẹ̀ wà nínú ihò, imú rẹ̀ wà lókè. Lucien jókòó lórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin òrùlé mú. Kò ní fìlà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yí sí ibi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ yí sí.

Lucien rí i. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta lo mú wá?"

"Èmi nìkan ni."

Lucien mi orí. "Ó dáa."

Ragna ju okùn sí i. Okùn balẹ̀ sínú omi. Ó fà á padà, ó so òkúta mọ́ ọn lẹ́nu, ó tún jù ú. Ó ba Lucien lẹ́sẹ̀, Lucien kígbe, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ mú un, ìka rẹ̀ kò ká. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Okùn yọ̀ kúrò lára ọkọ̀, omi gbé e. Ọkọ̀ náà gbọ̀n, ó sún díẹ̀.

Òkúta ńlá kan wà létí odò. Nígbà tí Ragna dé, orí òkúta náà hàn. Ó wò ó báyìí, kò rí i mọ́.

Ó ké sí Lucien pé òun ń lọ pe Wilmer.

Lucien ní, "Má pè wọ́n. Òjò yìí máa dá. Omi á fà."

"Kò ní fà."

"Ragna. Ibi tìẹ náà wà lójú ọ̀nà yìí." Láti ọdún tí wọ́n ti ń gba ibẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn máa sọ ọ́ jáde.

"Mo mọ ibi tó wà."

"Tí wọ́n bá wọ ibí, o ò ní nǹkan kan mọ́."

Ragna ti ń wọ ọkọ̀. Ó ní òun dá a lóhùn, ṣùgbọ́n òun kò rò pé ó gbọ́. Ohun tó sọ ni pé kó di irin yẹn mú, kó máa sọ̀rọ̀ sókè, kó máa bú òun bó bá fẹ́, kó má ṣáà sùn.

A gbọ́ fèrè ọkọ̀ rẹ̀ kí a tó rí i. Ó ń fọn ọ́n láti òkè títì. Ó wọ àárín ibùdó, kò pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ orí jáde, ó sì dárúkọ ibẹ̀ lójú gbogbo wa: lẹ́yìn afárá kejì, ọ̀nà ọwọ́ òsì tó ní igi wíwó lẹ́nu, kí a gùn ún lọ tààrà títí dé odò. Ó sọ ọ́ ketekete, bí ẹni ń sọ fún ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọ̀nà náà gòkè. Ẹ jẹ́ kí Wilmer ṣáájú."

Gbogbo wa la lọ. Mo rí ibi olú Ragna nígbà tí a ń kọjá. Kò sí bí ojú ò ṣe ní rí i: igi páìnì àgbà, ilẹ̀ tó tẹ́, ewéko tó wú sókè níhìn-ín lọ́hùn-ún bí ẹni fi aṣọ bo ẹyin. Ojú ọ̀nà há, omi sì ti sún bọ́ọ̀sì Lucien sí ẹ̀gbẹ́, kò sí ibòmíì tí ọkọ̀ akẹ́rù lè yí sí kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè kọjú sí i. Wilmer yọ orí síta, ó ń wo Ragna.

"Gba orí ẹ̀ kọjá," ni Ragna wí.

Táyà gun ewéko náà, ó fà á ya. Òórùn olú kún gbogbo ibẹ̀.

Lucien ṣì wà lórí ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dùbúlẹ̀, omi sì ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Wilmer so okùn irin mọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ apá, ó ní kí n dúró ti ẹ̀rọ, kí n má fà á àfi tí Ragna bá gbé ọwọ́ sókè. Ó wọ omi. Omi dé àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni orí rẹ̀ rì, ẹnì kan lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ragna kò gbé ọwọ́. Ó dúró létí odò, ó ń wo ibi tí orí náà rì sí. Orí yọ.

Wilmer dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́, ó já Lucien lulẹ̀ bí ẹni já èso, ó gbá a mọ́ra. Ragna gbé ọwọ́. Mo tẹ ẹ̀rọ. Ó ń fà, ó ń kùn, kò yára rárá. Wọ́n dé àárín méjì nígbà tí bọ́ọ̀sì Lucien yí padà. Kò pariwo. Ó kàn yí inú rẹ̀ sókè, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, omi sì gbé e kọjá lẹ́yìn wọn, ní ibi tí wọ́n ti kúrò.

Bẹ́ẹ̀dì Ragna ni wọ́n tẹ́ Lucien sí. Ragna tan sítóòfù, ó bọ́ aṣọ tútù lára Lucien, ó fi gbogbo aṣọ tó ní bò ó. Nígbà tí eyín Lucien kò gbọ̀n mọ́, ó ní, "Ìyá ìgbín, ilé ẹ kéré." Ragna ní kó dìde kó máa lọ sí tirẹ̀. Ni Lucien bá rẹ́rìn-ín, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó lọ sí ọ̀nà náà. Ojú ń ti wa. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ kan yà síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn a kò kà á mọ́. Àwọn kan fi ràkì eléyín irin họ ilẹ̀ náà títí dé gbòǹgbò, wọ́n kó kékeré kó ńlá. Ilẹ̀ tí a bá họ báyẹn kì í tètè hu nǹkan. Ragna lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó padà, ó dín pòtétò, kò bú ẹnikẹ́ni. Ìbá sàn fún wa kó bú wa.

Nígbà tí Lucien ti ilé ìwòsàn dé, tòun ti ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tí wọ́n dì funfun, Ragna ń palẹ̀ mọ́. Ó ń lọ sí ìhà àríwá, ibi tí kò mọ̀. Lucien jókòó síwájú bọ́ọ̀sì láìtọrọ àyè. Ó ní òun ní ibi olú kan lókè lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ rí, pé òun máa fi hàn án, òun kò sì ní fi han ẹlòmíì.

"Sọ ọ́ fún Wilmer," ni Ragna wí.

"Wilmer kẹ̀? Orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ ibi tí a wà."

Lucien wo iwájú. Wáípà ń lọ, wáípà ń bọ̀. Àwa tí a wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn kí a má baà gbọ́. Lẹ́yìn náà ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó pe Wilmer, ó sì fà á létí mọ́ra. Ọ̀rọ̀ náà gùn.

Wilmer gbé orí sókè. "Ṣé kí n rántí ibẹ̀, àbí kí n gbàgbé ẹ̀?"

Ragna ti jíà mọ́lẹ̀. "Máa rántí ẹ̀ títí a ó fi padà dé," ló wí.

Wọ́n wọ títì, wọ́n kọjú sí àríwá. Ojú táyà wọn wà lórí ẹrẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbá a rẹ́.