Ẹ̀yínadé àti Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ìwé Ọkọ Rẹ̀

Ẹ̀yínadé ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó wọ kíláàsì àgbà tí Tíṣà Túnmiṣe ń ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ní Ijurin. Àwọn ìyàwó ilé fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló fẹ́ fi gẹ̀ẹ́sì ṣe láàárín igi kòkó. Bó bá ti ti oko dé, tó fọ ẹsẹ̀ tán, ó di kíláàsì. Ìgbà kan wà tí Túnmiṣe fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, left, nítorí ọ̀nà tó pín sí pọ̀.

Ní ọdún kẹta, Joshua ọkọ rẹ̀ kú. Tíṣà ni Joshua kó tó fẹ̀yìn tì, gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ìwé ìhágún rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí péjọ. Pius, ẹ̀gbọ́n Joshua, tó ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ádó, ló gba ìwé náà, ó kà á sókè: "I left the cocoa farm to my wife."

Ó yọ awò ojú. "Left ni kéèyàn kúrò níbì kan. Joshua ti kúrò lórí oko, ó kàn ní kí ìyàwó máa bá òun wò ó ni. Oko ti padà sọ́wọ́ ẹbí nìyẹn."

Àwọn tó jókòó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún méjìlélógún ni Ẹ̀yínadé fi ro oko yẹn. Ó dìde, ó kọjú sí Pius.

"Bàbá Rẹ̀mí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìyàwó, jókòó. Ta ló bi ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì?"

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí, sà. Ṣùgbọ́n èmi ni ìwé yẹn ń bá wí, mi ò ní jókòó. Tí mo bá ní I left Ijurin, mo kúrò ní Ijurin. Two yams are left, iṣu méjì ló ṣẹ́ kù. I left my bag in church, mo gbàgbé báàgì mi sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ń ṣe ìhágún bá ní òun left oko to ìyàwó òun, ó fi í sílẹ̀ fún un pé kó jogún rẹ̀ ni. Ẹnu yín náà lẹ fi kà á."

"Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ABC."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lóòótọ́. Ẹ pe ẹni tó ti kọ́ ọ tipẹ́."

Olórí ẹbí, tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ronú díẹ̀. Ó ní kí Pius fi fóònù pe Rẹ̀mí, ọmọ bíbí inú rẹ̀, tó ń kọ́ni ní gẹ̀ẹ́sì l'Ẹ́fọ̀n, kó sì jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ohùn rẹ̀. Rẹ̀mí ní kí bàbá òun ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Dádì, ìyàwó wọn ló ni oko."

Pius gbé ìwé náà sílẹ̀, ó jáde láìdágbére. Ẹ̀yínadé mú ìwé náà, ó ká a, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ olórí ẹbí. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ roko.

Títí di òní, Pius kì í dáhùn bí Ẹ̀yínadé bá kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà kò yéé kí i.