Àmín tí a ṣe ní Heathway

Èmi náà ṣe àmín lónìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ti pẹ́ ń bá èèyàn wo ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ ní Heathway, ládùúgbò wa ní London. Nọ́ọ̀sì wọn wo ti Mọ́mì Ṣadé, aládùúgbò mi. Ó tún un wò. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Mọ́mì, ó ti ga jù. Ẹ má dìde, ẹ jẹ́ kí n pe áńbúláǹsì."

Mọ́mì ní, "Tèmi kọ́! Ẹ̀jẹ̀ Jésù ló ń ṣàn lára mi, kì í ru!"

Gbogbo wa lórí ìlà pariwo: "Àmín!"

Mọ́mì rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé báàgì, wọ́n lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ní báyìí, mo ti kan ilẹ̀kùn Mọ́mì títí; mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn, ṣùgbọ́n wọn ò dáhùn. Mo ti pe áńbúláǹsì. Ẹnu ọ̀nà wọn ni mo ti ń tẹ èyí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ká ní ẹ wà níbẹ̀, ṣé ẹ ò ní ṣe àmín?